Ohùn ọlọ́pàá tí mo fi dá lọ́rì dúró lórí rélùwéè



Lọ́rì Bọ̀dá Ràfíù, ọ̀gá mi dírẹ́bà, tuntun ni, àmọ́ bátìrì rẹ̀ ti gbó. Tó bá ti kú, àfi ká tì í.

Lónìí, ọkọ̀ iwájú dá wa dúró sórí ojú irin rélùwéè l'Óṣòdì. Láti ẹ̀yìn lọ́rì ni mo ti fi ohùn ọlọ́pàá jágbe, kí n lè fi ṣeré:

"Dírẹ́bà! Pa ẹ́ńjìnnì ẹ!"

Bọ̀dá pa á lóòótọ́.

Ọ̀nà là, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ni rélùwéè bá fọn fèrè láti Ṣógúnlé!

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ké sí àwọn èrò: "Ẹ gbà wá o! Ẹ bá wa tì í!"

Díẹ̀ ló kù. Bí a ṣe tì í kúrò báyìí ni rélùwéè kọjá.

Bọ̀dá dì mọ́ mi. "O ṣeun, àbúrò. Ọlọ́pàá yẹn dà? Màá fa ẹnu ẹ̀ ya!"

Ẹnu ọ̀hún rèé, mo pa á dé. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n sá gba Ìsọlọ̀ lọ?