Ẹni Tó Mú Bàbá Mi Gbé Àga Nítorí Rédíò

Yéè! Bàbá Sàbítù, ọkọ mi, ó wá di gbéré? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde nílé láì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún mi, ẹ dákẹ́ lọ!

Ọmọ-ọmọ wa Mùtíátù ló ń bá mi kọ eléyìí, èmi ò kúkú mọ̀wé. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ńlá ńlá. Mo ní ẹ̀rín lẹ fi fẹ́ mi, ẹ̀rín náà ni n óò fi sìn yín.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Dàhòmì wa? Ẹ̀yin lẹ ń tún rédíò ṣe ní Ìfọ̀nyìn. Bàbá mi ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tó ń tẹ́tí sí afẹ́fẹ́, pé kí ni n óò máa jẹ? 'Tí àpótí rẹ bá sọ̀rọ̀ lójú mi, mú ìyàwó rẹ lọ. Tí kò bá sọ̀rọ̀, má gba ọ̀nà Dáàgbé ìlú wa mọ́.'

Ọjọ́ pé. Ẹ ki pílì tuntun, bátìrì tó ń fún un níná, sí rédíò, ẹ dojú rẹ̀ kọ bàbá mi, torí ẹni tó bá ń bá baálé ilé sọ̀rọ̀, ojú ló ń wò. Ló bá ń hó ṣùùù! Àwọn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́: 'Àna wa, ṣé àkàrà lò ń dín ni?' Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń yọjú.

Ẹ mọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn tó ń ti ilé iṣẹ́ rédíò Kútọnu bọ̀ ní ìhà kan ṣoṣo tó ń gbà wọ inú rédíò. Ẹ yí rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ohùn èèyàn yọ. Bàbá mi fajú ro: 'Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé mi, tó ń wo ibòmíràn?' Ẹ dá a padà kíá, ó tún di ṣùùù.

Lẹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: 'Bàbá, ẹ má bínú, ojú kan ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé àga yín.'

Àga baálé! Ẹni tí a ò tíì fún láya! Bàbá mi wò yín, wò yín. Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé àga, wọ́n lọ jókòó síhà tí rédíò kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀. Ẹ tún yí rédíò sí wọn, ohùn tú jáde, ó ń kí gbogbo ọmọ Dàhòmì. Bàbá mi dá a lóhùn pé, 'A dúpẹ́ o!' Bí mo ṣe dé ilé yín nìyẹn.

Títí ẹ fi darúgbó, ẹ fẹ́ràn ṣùùù yẹn. Ẹ óò ní, 'Ìyá Sàbítù, gbọ́, ojú ọ̀run ló ń sọ̀rọ̀.' Mo ní kẹ́ ẹ má fi pílì ṣòfò. Àfi ìgbà tí Mùtíátù ti ilé ìwé dé láti Àjàṣẹ́, ó ní òótọ́ ni, díẹ̀ nínú ariwo náà wá láti ara ìmọ́lẹ̀ kan tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Ó ní àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sórí òkè tó tutù, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí wọ́n lè mọ ìhà tí ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn kọjú sí. Ẹ ní kó tún un sọ. Ẹ wá bi í pé, 'Wọ́n ń yí i? Baálé ta ni wọ́n wá ń gbé àga rẹ̀?' Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.

Ilé ti dákẹ́ jù, ọkọ mi. Kò sẹ́ni tí n óò bá ṣàròyé mọ́.

Tẹ́ ẹ bá rí bàbá mi, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo jẹun yó nílé ọkọ. Ẹ sùn re o, olówó orí mi, ẹ sùn re.