Omi tí mo bù fún àlejò

Ẹnìkan kágò lójúde mi ní ìlú Idigny lónìí, mo sì ti bu omi kí n tó yọjú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù.

"Màdáámù, ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò ṣí lórí fóònù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ránṣẹ́."

"Wọlé, mu omi ná."

"Ẹ ṣeun, màdáámù. Mò ń kánjú."

Mo fi ránṣẹ́. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì lọ.

Nígbà tó jẹ́ pé bébà ni mo ń pín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kì í gba èrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á jókòó máa dà á kọ, wọ́n á máa fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni mo mu omi náà.

Mo ti lọ ra bébà. Ilé mi ni wọ́n á ti wá gba ẹ̀kọ́ tó kàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìwà ìkà nìyẹn?