Irin Tí Mo Fi Yí Mọ́tò Níwájú Àna Mi

Mo rántí ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi léròrò, tí mo sì ń nà án sí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé l'Ẹ́dẹ bí ẹni ń fi òrùka wúrà hàn. Ọdún tí a gba òmìnira ni. Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ àwọn oníkòkó kan l'Óṣogbo, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ojú àyọ́nù ṣòkòtò mi sì mú débi pé ó lè bẹ iṣu. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan l'Ẹ́dẹ, tíṣà ni.

Bàbá rẹ̀ ni ìṣòro. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ogún ọdún ni wọ́n fi kó iṣu àti kòkó lọ sí Ìbàdàn. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ ọmọ yìí ṣáájú mi. Wọ́n lé ẹni àkọ́kọ́ nítorí pé ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. Wọ́n lé èkejì nítorí pé ó jókòó nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ìdúró.

Àfẹ́sọ́nà mi ti kìlọ̀ fún mi: “Ìwọ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá lé ìwọ náà, Kánò ni wọ́n ń fi mí ránṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ àbúrò wọn. Jọ̀ọ́, bí bàbá mi bá wà lórí ìdúró, má jókòó. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má jókòó.”

Mo yá mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ náà. Tuntun ni, dúdú ni, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á, kọ́kọ́rọ́ kékeré kan báyìí la sì fi ń ṣíná rẹ̀. Bí mo ṣe dé agbo ilé wọn, gbogbo ará ilé tú jáde. Èmi náà ò sì mọ ìwọ̀n ara mi. Mo tan iná iwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo fi fèrè rẹ̀ dá àwọn ọmọ lárayá títí etí fi ń hó. Ẹnìkan rí irin gígùn kan nínú búùtù, tó tẹ̀ níbi méjì bí ẹsẹ̀ tata, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní òyìnbó fi sí i fún àwọn ará oko tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ yí mọ́tò kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbà, ṣùgbọ́n ní tèmi, kọ́kọ́rọ́ ni. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́, wọ́n yí padà wọlé. Mo wọlé tẹ̀ lé wọn, mo gbàgbé iná iwájú ní títàn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́ ìfẹ́ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Mi ò kì í dá irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ ní Awo. Gbé mi débẹ̀ nísinsìnyí.”

Inú mi dùn, mo sáré síta, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò náà ní “kẹ́”, ó dákẹ́. Mo tún un yí, kò tilẹ̀ ní “kẹ́” mọ́. Iná tí mo fi ń ṣe fáàrí ti fa bátìrì gbẹ.

Bàbá ká ọwọ́ agbádá lé èjìká, wọ́n lọ mú irin náà nínú búùtù, wọ́n tì í bọ ihò tó wà nímú mọ́tò. “Wọlé, jókòó, kí o gbé ẹsẹ̀ lé tọ́tù kí epo lè máa wọlé bí mo bá ti yí i.”

Mo jókòó. Mo wo iwájú, kí ni mo rí? Àna mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, èmi sì jókòó sórí tìmùtìmù bí ọba. Ẹsẹ̀ mi ò dúró gba àṣẹ. Mo fò síta, mo na gbọọrọ sínú eruku. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, kò rí ẹni fún un lépo, ó kú.

“Kí lò ń wá nílẹ̀?”

“Bàbá, ẹ wà lórí ìdúró ni.”

“Padà sínú mọ́tò.”

Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní màá gbọ́n sí i: mo fi ẹsẹ̀ kan tẹ tọ́tù nínú mọ́tò, mo fi orúnkún kejì kúnlẹ̀ síta, mo sì kọ́ bí àdán sára ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà tó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ béèrè pé, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń wà á l'Óṣogbo nìyẹn?” Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àfẹ́sọ́nà mi fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún Kánò ló ń sun, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á lọ.

Bàbá fi irin sílẹ̀, wọ́n rìn wá bá mi. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀bẹ̀.

“Sọ̀ kalẹ̀. Lọ mú irin. Èmi ni màá jókòó.”

Wọ́n ti ojú fèrèsé kọ́ mi: “Má fi àtàǹpàkò dì í mú, bó bá ta padà, á dá ọ lápá. Láti ìsàlẹ̀ ni kí o ti fà á wá sókè.” Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú wọn, mo fà á. Ó ta padà bí ẹṣin. Mo fà á títí òógùn fi bọ́ sí mi lójú, títí ojú àyọ́nù ṣòkòtò mi fi di ìtàn. Lójijì ẹ́ńjìnnì gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró yẹn gba inú irin wọ apá mi, ó gba apá sọ̀ sí ikùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Láti àárọ̀ tí mo ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣíná mọ́tò náà, kò dá mi lóhùn báyìí rí.

“A ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kú o,” ni Bàbá wí. Wọ́n pe ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fa jíà, wọ́n gba ọ̀nà Awo lọ, wọ́n fi èmi tí mo gbé mọ́tò wá sílẹ̀ sójú eruku.

Mo wà níbẹ̀ lórí ìdúró. Ìyá àgbà ní kí n jókòó, mo ní rárá, Bàbá kò tíì ní kí n jókòó. Wọ́n wò mí tàánú-tàánú. “Ọmọ mi, bàbá tí ò ń dúró dè ti jókòó sínú mọ́tò tìrẹ. Ìwọ náà jókòó.”

Ọjọ́ ti rọlẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dé, tàwọn ti ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́yìn mọ́tò. Bàbá ò pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ náà sókè, wọ́n fi ìléròrò ibẹ̀ han ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá arúgbó náà tẹ̀ ẹ́ wò, mo pariwo, wọ́n mi orí. “Kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa bọ̀,” ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tọrọ ọmọbìnrin wa. Ó tẹ nǹkan kan, gíláàsì mọ́tò rẹ̀ fúnra rẹ̀ wálẹ̀. Ó tẹ òmíràn, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹnu rẹ̀ dùn, n kò rí ẹ̀sùn kan dì mú. Mo yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mejì, mò ń wá ohun tí èèyàn lè fọwọ́ yí, mi ò rí i. Mọ́tò tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Mo ní kó bá mi pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn kan.

Ó wo táyà, ó wò mí. “Bàbá, kò mà jò.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí.

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo fa àga, mo jókòó tì í.