Àwòrán Tó Kẹ́yìn Lára Ògiri

Àwòrán mọ́kànlá ló wà lára ògiri pálọ̀ màmá tí mo ń tọ́jú ní Homewood, lẹ́bàá Chicago. Láràárọ̀, bí mo bá ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tí mo ti wẹ̀ fún wọn tán, tí mo gé tòmátò sí méjì tí mo fi ra ara búrẹ́dì wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, tí mo ta òróró àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, iṣẹ́ tó kàn ni kí n mú aṣọ rírọ̀ kan, kí n máa nu àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá á jókòó sórí àga onítáyà wọn, wọ́n á máa pe orúkọ ẹni tó wà nínú èyí tí mo bá ń nù. Bí tíṣà ṣe ń pe rẹ́jísítà ni wọ́n ṣe ń pè é, wọn kì í fo ẹnì kankan.

Èèyàn pàtàkì ni gbogbo wọn ní ilẹ̀ Katalóníà ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti bí màmá. Ọ̀kan jẹ́ ayàwòrán tó máa ń jẹ àlùbọ́sà tútù lórí tábìlì wọn. Ọ̀kan jẹ́ akéwì tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nítorí ewì ojú ìwé kan. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọrin, tí màmá ní kò san owó ọtí rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sì wà tó padà di mínísítà; nígbà tí ọlọ́pàá ń wá a kiri, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá màmá, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Gbogbo wọn ti kú. Ṣùgbọ́n bí màmá bá ń sọ ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó rò pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé.

Ohun tó ń ká mi lára ni bí màmá ṣe ń pè wọ́n. Orúkọ lásán ni. Odidi mínísítà, wọ́n á pè é bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé. Ìwó ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà. Ẹni tó bá fi ọdún méjì péré jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni. Ẹni tó bá tó ìyá mi í bí, ẹnu mi kò gbọdọ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ká tó wá sọ pé kó pè é. Mo ti gba ìkó lórí nítorí èyí rí, kí n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Àwòrán ìkọkànlá, tó kẹ́yìn lápá fèrèsé, ti màmá fúnra wọn ni. Wọ́n wà lórí ìtàgé, wọ́n wọ aṣọ gígùn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, ẹnu wọn là sílẹ̀. Òṣèré ni wọ́n, òṣèré tí gbogbo ìlú ń tò lórí ìlà kí wọ́n tó lè wọlé wò ó. Bí mo bá ti dé orí àwòrán yìí, màmá á dákẹ́. Wọ́n á máa wò mí. Èmi rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni, tàbí pé ojú ń tì wọ́n láti pe ara wọn mọ́ àwọn ẹni ńlá. N óò bá kúnlẹ̀ díẹ̀, n óò rẹ́rìn-ín, n óò ní, "Màmá wa nìyí." Wọ́n á yí ojú sí fèrèsé. Ọdún méjì kù díẹ̀ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo ìwà òpè.

Tíṣà ni mo ṣe nílé kí n tó wá. Bàbá ọmọ mi ti fẹ́ ẹlòmíràn sí Ìbàdàn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n ba àárọ̀ mi jẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà ní Texas, ọjọ́ Sunday ló máa ń pè mí. Calumet City ni mo ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nípa Chicago kí n tó wá ni pé èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀. Níbi ọ́fíìsì tó gbà mí síṣẹ́, wọ́n ti gé tèmi kù sí lẹ́tà mẹ́ta. Ọmọ mi ń pè mí ní Mummy. Ìyá mi tó ń pè mí bó ṣe yẹ kú lọ́dún kẹta tí mo dé, ìwé mi kò sì tíì jáde, mi ò lè lọ sin ín. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Màmá nìkan ló ń pe orúkọ mi pé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ni mo ń jẹ́. Mo sọ gígékù yẹn. Wọ́n ní àwọn kò bèèrè èyí tí ọ̀lẹ ń pè. Mo bá sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n ń wo ẹnu mi. Títí mo fi sè oúnjẹ ọ̀sán tán ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń gbé ohùn sókè sódò. Kí n tó lọ sílé, wọ́n pè é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ìyá mi. Mo dé inú mọ́tò, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n fi ń kí mi láràárọ̀.

Èmi náà fẹ́ ṣe dáadáa sí wọn, mo ní ìlú tí wọ́n ti wá, ṣe bí ìlú bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní kí bọ́ọ̀lù tó gbajúmọ̀, àwọn èèyàn ti wà níbẹ̀, wọ́n sì na ìka sí ògiri. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn wọn. Nígbà tí wọ́n bí wọn, ọ̀gágun kan ló ń ṣèjọba Sípéènì, kò sì fẹ́ gbọ́ èdè Katalóníà ní iléèwé tàbí ní ọ́fíìsì kankan. Nígbà tí bàbá wọn lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, akọ̀wé ìjọba kò gba orúkọ tó mú wá, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní èdè ìjọba. Àwa la máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Akọ̀wé yẹn kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí akọ̀wé yìí fún wọn ló wà nínú gbogbo ìwé màmá títí wọ́n fi fẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà kan, tí wọ́n bá a dé Chicago. Òun ni dókítà ń pè, òun ni ọ́fíìsì wa ń pè. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, orúkọ tí bàbá wọn fún wọn ni wọ́n lò, òun sì ni àwọn èrò ń pariwo láti ìjókòó ẹ̀yìn.

Ọkọ wọn ti kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àwa méjèèjì la wà nínú ilé náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á máa bá àwọn àwòrán sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn, èmi á máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Wọn kò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ bí àkókò ìrun bá tó, àwọn fúnra wọn ló ń pa rédíò, tí wọ́n á yí táyà wọn kúrò níbi tí mo máa tẹ́ ẹní sí.

Ọjọ́ kan wà nínú oṣù kẹrin tí àwọn ará ìlú wọn máa ń fi òdòdó rósì àti ìwé ta ara wọn lọ́rẹ. Lọ́dún kejì, mo rántí, mo ra rósì pupa kan lọ́nà. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n ṣí dúrọ́ọ̀, kí n mú ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n ní àwọn kan ló kọ ọ́ nípa iṣẹ́ ìtàgé àwọn, àwòrán wọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní tèmi ni, kí n ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè. Mo fi ìpá ka àkọlé rẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

"Ó kù," wọ́n ní.

Mo mọ ohun tó kù: orúkọ wọn, lábẹ́ àkọlé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nílùú wa, a kì í pe àgbà lórúkọ. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bímọ," wọ́n ní. "Ojoojúmọ́ lo ń pè mí ní màmá, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rántí pé mi ò bímọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi. Mo máa ń dúró dè ọ́ níbi àwòrán yẹn."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà tí kò bímọ gan-an la máa ń rí i dájú pé a pè ní ìyá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ihò tó wà nínú ayé rẹ̀. Aṣọ ni mo rò pé mo fi ń bò wọ́n. Mo ṣèlérí pé tó bá di ọ̀la, n óò pè é.

Ó di ọjọ́ kejì, mo nu mẹ́wàá, mo dé orí ìkọkànlá. Màmá dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Kí n tó mọ̀, mo ti ní "Màmá." Wọn kò bá mi wí. Mo ń dá a pè nínú mọ́tò ní gbogbo ọ̀nà Homewood, á sì já geere. Tí mo bá ti rí irun funfun wọn, ó tán. Mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday.

"Mummy, ẹ kàn pè é now," ó ní. "It's just a name. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ìbínú mú mi, mo ní tó bá wà nítòsí ni, ìkó ni ǹ bá fún un. Lẹ́yìn tó pa fóònù, mo jókòó, mo mọ̀ pé ọmọ náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ojo ni mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára nu àwòrán tó kẹ́yìn yẹn, kí n sì sáré wọ kíṣìnì bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jó mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà, màmá kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ń nu gíláàsì nínú ìdákẹ́rọ́rọ́. Àfi orúkọ tèmi nìkan, èyí tí wọn kò yé fi kí mi láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù keje, mo ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó pè mí. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, apá kan ara wọn ti rọ. Mo pe ọkọ̀ aláìsàn. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ jẹ́jẹ́, ń tẹ̀ sétí wọn, ó ń pe orúkọ inú ìwé. Wọn kò la ojú. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní wọn kò dáhùn sí orúkọ wọn mọ́. Mo ní kì í ṣe orúkọ wọn. Ó bi mí bóyá ẹbí wọn ni mí. Mo ní èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn. Ó ní kò burú, kí n bá wọn sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́.

Nígbà tí yàrá ṣófo, mo mú aṣọ ìnujú kan nínú báàgì mi, mo dì í mú bí ẹni fẹ́ nu àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ayàwòrán. Ọdún méjì ni mo ti ń gbọ́ àwọn orúkọ yẹn, mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ wọ́n lórí. Mo pe akéwì. Mo pe obìnrin olórin. Nígbà tí mo dé orí mínísítà, ètè màmá mì. Wọ́n ń bá mi pè é, láìsí ohùn. A jọ ń bá a lọ títí a fi pe ẹnì kẹwàá. Màmá dákẹ́. Wọ́n la ojú kan, wọ́n ń wò mí.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ó kéré tán ẹsẹ̀ mi lè ṣe tirẹ̀. Mo pe orúkọ tí bàbá wọn fún wọn.

Ẹnu wọn kò ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Sókè sí i. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ò gbọ́."

Èèyàn kò lè pariwo dáadáa lórí ìkúnlẹ̀. Mo dìde, mo gbé orí sókè, mo pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. Mo tún pè é. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ kan tó kù fún wọn sókè kúrò lórí ibùsùn, wọ́n nà án bó ṣe wà nínú àwòrán yẹn. Wọ́n mú un dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó rẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n kú, kí n tó dé. Lọ́yà tó wá palẹ̀ ilé mọ́ bi mí bóyá ohun kan wà tí mo fẹ́, mo ní àwòrán tó kẹ́yìn. Ó wà lára ògiri mi ní Calumet City báyìí. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń nù ún, mo sì máa ń pè é sókè. Aládùúgbò mi tó wà lókè ti fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ti pè é tán, mo máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, nítorí láàárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pe tèmi.