Ìgò Méje Lójú Fèrèsé Olùṣọ́ Adágún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí adágún wa ṣe wà títí dòní, èmi ni kó wá bi. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ọwọ́ ara mi kàn fún un. Kò sí èyí tó rì nínú wọn àfi ẹyọ kan, èyí náà kò sì rì nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn mẹ́jọ kan tó sanra ju ara wọn lọ ló kó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Mi ò lò ju ọdún mẹ́ta lọ nílé ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé já ti wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ igi àti omi, kò sì sí èyí tó lọ ní ọwọ́ òfo. Síbẹ̀, kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo jókòó láti kọ. Ìtàn obìnrin kan tó gbọ́n jù mí lọ ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré.

Olùṣọ́ ìsédò ni obìnrin náà. Ìyá Onígò là ń pè é. Ìsédò wa kò tóbi. Òkìtì amọ̀ ni, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kinkin tí wọ́n sì fi koríko bò. Ó dí odò kékeré kan lọ́nà, odò náà bá fẹ̀ di adágún tí àwọn èèyàn ń wá wa ọkọ̀, tí wọ́n ń wá lúwẹ̀ẹ́, tí tọkọtaya ń wá jókòó sí etí rẹ̀ láti parí ìjà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí mo fi ojú ara mi rí: bó bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, omi á gun etí bèbè. Ní ìsàlẹ̀ ìsédò, níbi tí odò ti ń bá tirẹ̀ lọ, ilé mọ́kànlá ló wà. Tèmi ni ìkẹta. Ti àbúrò Ìyá Onígò ló ṣíwájú gbogbo wa. Òun ló ń fi ọkọ̀ háyà fún àwọn tó wá gbafẹ́, a sì ń pè é ní Ọlọ́kọ̀.

Láràárọ̀ ni Ìyá Onígò máa ń rin orí ìsédò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, tí á máa gún koríko wò bí ìgbà tí dókítà ń tẹ ikùn aláìsàn. Lẹ́yìn náà, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń dà omi tó ń sun jáde látinú amọ̀. Á gba omi náà sínú ìgò funfun, á lẹ bébà mọ́ ọn, á kọ ọjọ́ sí i, á sì gbé e sójú fèrèsé ọ́fíìsì. Ìgò méje, ọjọ́ méje. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ, á da ti àkọ́kọ́ nù.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kí lò ń wò lára omi lásán?"

Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, gbogbo ìsédò ló ń làágùn. Òógùn tó mọ́ kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tó ń làágùn ẹran ara rẹ̀, tí amọ̀ ń bá omi jáde, kẹ́ ẹ di ẹrù yín."

Mo ní, "O ò kúkú máa tà á, kóo sọ pé ó ń wo ẹ̀yìn ríro."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mọ àwàdà nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ṣí adágún fún ìgbafẹ́ ọdún náà. Ọlọ́kọ̀ ti kun gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, pupa àti àwọ̀ ewé, wọ́n tò sí etí omi bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ya fọ́tò. Mo wà ní ọ́fíìsì Ìyá Onígò, mò ń tún àga rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo kan àga náà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o, obìnrin náà ni kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Yàrá kan péré ni ọ́fíìsì ọ̀hún: tábìlì tí wọ́n fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, tẹlifóònù, aṣọ òjò lórí ìṣó, lórí ìṣó kejì, kọ́kọ́rọ́ fáàfù tí wọ́n fi ń sọ omi adágún kalẹ̀.

Ó wọlé, kò kí mi. Ó gbé ìgò sójú fèrèsé, ó dúró tì í. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹrẹ̀ ti jókòó sí ìdí ìgò náà, ó nípọn tó èékánná. Ó padà lọ gba òmíràn. Bákan náà ni. Korobá tó jẹ́ pé èèyàn á ka eení, èjì dé igba kó tó kún lẹ́nu páìpù yẹn, ó ní òun ò tíì ka ọgọ́ta tó fi ń dà sílẹ̀.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ohùn ọ̀gá náà ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ láti ìdí òòlù mi: "Ẹnjiníà ò ráyè di Mọ́ńdè. Má fọwọ́ kan nǹkan kan! Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń bọ̀ ní Sátidé?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ilé mọ́kànlá ni mo mọ̀." Ó sì rọra gbé tẹlifóònù kalẹ̀.

Ìwé òfin kan wà lára ògiri rẹ̀. Ó sọ pé bí olùṣọ́ bá rí ewu, ó lè sọ omi kalẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọ́n máa fi olùṣọ́ ṣe bó bá ṣe pé kò séwu. Ìyá Onígò kà á láti òkè délẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e.

Ọlọ́kọ̀ pàdé wa lórí ìsédò, ọ̀dà pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ̀ ń gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ?"

"Mo fẹ́ sọ omi kalẹ̀."

"Omi wo? Omi tí wọ́n ń bọ̀ wá wọ̀ lọ́tùnla? Ṣé orí ẹrẹ̀ ni kí n ti máa wa ọkọ̀ ni?"

"Wo ìgò yìí."

"Ìgò! Ogún ọdún lẹ ti ń wo ìgò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wo tẹlifíṣọ̀n!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo rẹ́rìn-ín.

Ìyá Onígò na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ìyàwó Ọlọ́kọ̀ ti ń sá aṣọ sórí okùn lẹ́yìnkùlé. "Ọmọ ìyá mi, ta ni yìí?"

"Mo rí i. Ojoojúmọ́ ló ń sá aṣọ."

"Mo fẹ́ kó sá òmíràn lọ́la."

Ọlọ́kọ̀ da ọ̀dà nù sórí koríko. Ó ní, "Bẹ́ ẹ bá ṣí omi yìí, ẹ má pè mí ní ọmọ ìyá yín mọ́."

Obìnrin náà dúró díẹ̀. Ìyá wọn ti kú, òun ló sì tọ́ Ọlọ́kọ̀ dàgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́mọ náà ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó yíjú, ó lọ sídìí fáàfù, irin róbótó kan bíi sitíárìn lọ́rì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Nígbà tó dé ibì kan, irin náà le. Ó wò mí. Mi ò gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò ṣeé kọ̀. Mo fi ọwọ́ òsì nìkan yí i, ó sì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ò lè ṣe é.

Ní Sátidé, àwọn èèyàn dé, wọ́n rí ọkọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹrẹ̀. Wọ́n pòṣé, wọ́n padà. Èyí tó wá burú jù ni pé bí omi ti ń lọ sílẹ̀, páìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro díẹ̀díẹ̀, ìgò sì ń mọ́. Gbogbo ẹnu ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan." Ọ̀gá ránṣẹ́ pé ní Mọ́ńdè kó kó kọ́kọ́rọ́ wá sí olú iléeṣẹ́. Ọlọ́kọ̀ ń gba iwájú ọ́fíìsì kọjá bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀. Síbẹ̀, ní Sátidé àti Sọ́ńdè, Ìyá Onígò ṣì sọ̀ kalẹ̀ lọ gba omi.

Ẹnjiníà dé ní Mọ́ńdè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ bàtà rọ́bà. Ó wo àwọn ìgò náà láti orí ti àkọ́kọ́ dé ìkeje, ó padà sí ti Ọjọ́bọ̀, ó tún wò ó. Ó gba inú ẹrẹ̀ lọ sí àyà ìsédò, níbi tí omi ti bò tẹ́lẹ̀, lọ sídìí àwọn òpó tí Ọlọ́kọ̀ ń so ọkọ̀ mọ́. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó mì. Ó fà á, ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí eyín tó ti jẹrà. Ihò ló kù níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé abíyá. Kò kan ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti ń gbà wọ inú ìsédò.

Ta ló ri òpó náà? Èmi ni. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ìyá Onígò lọ tọ́jú ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí, èmi àti Ọlọ́kọ̀ bá gbá òpó mẹ́fà mọ́ àyà ìsédò, kí àwọn èèyàn má baà rìn jìnnà dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tó dé, ọjọ́ mẹ́ta ló fi pariwo. Mo fi gbogbo ẹnu sọ fún un pé igi mi ò ní jẹrà ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹyin lohùn. Ọgọ́rùn-ún ọdún tèmi pé ní ọdún mẹ́sàn-án.

Mo bi ẹnjiníà bóyá ìsédò ì bá ti lọ ní Sátidé. Ó ní, "Bàbá, ó lè lọ. Ó lè dúró. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń rò láti ọjọ́ yẹn. Iná tó jó ilé, gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ wò ó. Èyí tí wọ́n ti orí ìṣáná pa, ta ni yóò kí ẹni tó pa á? Ọ̀gá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn pè é pé kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó wà.

Wọ́n gbẹ́ àyà ìsédò náà, wọ́n sì fi amọ̀ tuntun kì í. Kò sí ọkọ̀ lójú omi ní gbogbo ọdún yẹn. Ọlọ́kọ̀ wà lára àwọn tó ń tẹ amọ̀. Nígbà tí adágún ti kún padà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ọ́fíìsì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dìde lórí àga. Ó mú ìgò òfìfo lórí tábìlì, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ara ìgò, ó gbé e sí ìparí ìlà lójú fèrèsé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ́."

Ìyá Onígò kò wo ìgò. Ó ti àga kejì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Jókòó, ọmọ ìyá mi. Jẹ́ kó tòrò ná."