Ìkíni Àárọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ṣílè mẹ́ta ni mo ra àgádágodo tí mo fi ti àpótí mi nígbà tí mò ń lọ sí yunifásítì, bàbá mi sì ní owó náà ti pọ̀ jù fún irin kékeré bẹ́ẹ̀. Tọ́rọ́ ni à ń san fún lọ́rì láti Odígbó dé Ọ̀rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọlọ́kadà gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi ní ọ̀nà kan náà. Nígbà tí mo dé ọjà, wọ́n pe àgádágodo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ ní ẹgbẹ̀rún méje. Mo rọra gbé e padà sórí àtẹ bí ẹni gbé ẹyin.

Owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Láyé ìgbà náà, ẹrù la máa ń tì mọ́lé, a kì í ti ara wa. Ní ilé bàbá wa, aṣọ ìkélé nìkan ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí di àkókò oúnjẹ alẹ́. Bí ènìyàn bá rí ilẹ̀kùn ní títì lọ́sàn-án, yóò ti mọ̀ pé onílé wà ní oko. Mo máa ń rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé aṣọ náà sókè, tí òórùn kòkó tí a sá síta á sì wọlé.

Ilé yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin padà sí lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì ń gbé ibẹ̀. Ilé tèmi wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà náà. Nígbà tí olè wọ ilé kan ládùúgbò wa, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fi owó ránṣẹ́. A fi irin sí gbogbo ojú fèrèsé, a sì gbé ilẹ̀kùn irin sí ẹnu ọ̀nà. Láti inú ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń fi àgádágodo tì í, wọn á wá fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo wa yin ọmọ náà pé ó tọ́jú ìyá rẹ̀. Olè kankan kò lè wọlé mọ́. Kò sí ẹni tó ronú pé àwa náà kò ní lè wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe dìde lórí ibùsùn tí wọ́n ń jáde nínú yàrá, ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣubú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò lè dìde. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé àwọn ènìyàn kọjá. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó ń lọ sí oko tàbí sọ́jà tí kì í kí àgbàlagbà láti ìta. Olúkúlùkù ń ké pé, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o." Kò sí èsì. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń pẹ́ lórí àdúrà, a kì í sì í já àdúrà mọ́ àgbà lẹ́nu. Ẹni tó kí tí kò gbọ́ èsì á rẹ ohùn sílẹ̀, á rọra kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ lọ. Ohùn tiwọn kò dé ojú fèrèsé.

Oòrùn ti mú kí n tó ti Ọ̀rẹ̀ dé. Mo gbọ́ tí àwọn adìẹ wọn ń pariwo nínú ilé adìẹ tí kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo pè títí. Nígbà tí jórinjórin fi ẹ̀rọ gé irin ilẹ̀kùn tán, a bá wọn lórí sìmẹ́ńtì, ọrùn ọwọ́ wọn ti yẹ̀, ètè wọn gbẹ.

Ọmọ wọn dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun á gbé ìyá òun lọ sí Èkó, ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ní Èkó, ẹ ó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó tì mí mọ́ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibí ni màá kú sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí sìmẹ́ńtì."

Ọmọ náà kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin náà ti dàgbà. Ta ló máa gbọ́ tí wọ́n bá tún ṣubú?"

Mo ní kó fún wa láyè di ìgbà tí a bá kórè kòkó tán, kó padà wá wò ó. Ó gbà, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo pinnu pé báàgì yẹn kò ní wọ mọ́tò.

Mo pe àwọn méjì tí a jọ máa ń jókòó nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà tí wọ́n gbé wá láti apá Ọ̀yọ́ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tó fẹ̀yìn tì tí kò padà sílé. Ilé rẹ̀ ló kan ti ẹ̀gbọ́n mi. Èkejì jẹ́ Mùsùlùmí tó wa ọkọ̀ èrò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Dírẹ́bà la ṣì ń pè é. A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. A ha ilẹ̀ balùwẹ̀ kó má yọ̀ mọ́, jórinjórin sì fi irin ìdìmú sára ògiri láti ẹnu yàrá débẹ̀. A kó àwọn àga ọkọ wọn tó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò; ìjà gidi ni ẹ̀gbọ́n mi bá wa jà lórí ìyẹn. A yọ àgádágodo kúrò lára ilẹ̀kùn, a fi kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí láti inú àti láti ìta sí i, ọmọ kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé tíṣà tó ń wá awò ojú rẹ̀ nígbà tó wà lójú rẹ̀ la fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn. Tíṣà ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun á so ó mọ́ awò náà.

Ìyẹn rọrùn. Ìkíni ló le. Mo ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá kí wọn láàárọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ èsì. Bí kò bá gbọ́, kó tún kí. Bí kò bá tún gbọ́, kó pe tíṣà kí a ṣílẹ̀kùn, ì báà jẹ́ àdúrà ni. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní Ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ, àwọn kò ní kẹ̀yìn sí I nítorí ẹni tó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun. Dírẹ́bà ní ìrun tàwọn kì í pẹ́, àwa Kìrìsìtẹ́nì ló máa ń di Ọlọ́run lẹ́wù mú bíi pé Ó fẹ́ sá lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rín sílẹ̀.

"Ìyá, Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ wà láàyè. Èmi tí mo wà níta ni mi ò mọ̀."

Wọn kò tètè gbà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Tíṣà kí wọn, ó tún kí wọn, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá wọn lórí ìkúnlẹ̀. Bàtà ni wọ́n sọ lù ú. Tíṣà gbé bàtà náà padà fún wọn, ó ní òun tún ń bọ̀ lọ́la. Ó sì wá. Èmi ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń sọ fún àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń lọ sí oko pé yíyọ́ kọjá yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́. Àwọn kan rò pé ogbó ti ń dà mí láàmú. Mi ò dẹ́kun.

Nígbà tí a kórè kòkó tán, ọmọ wọn dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá. Dírẹ́bà kí wọn láti ìta. Ọmọ náà sáré lọ sójú fèrèsé, ó fi ìka sẹ́nu, ó ń ṣe àmì fún un pé Màmá ń gbàdúrà. Dírẹ́bà kò rí i, kì bá sì dákẹ́ bó bá rí i. Ó tún kí wọn, ó gbé ohùn sókè.

"Mo wà níbí o, mi ò tíì ṣe tán," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti inú yàrá. "Ẹ máa lọ." Wọ́n sì bá àdúrà wọn lọ láti ibi tí wọ́n ti dúró.

Lẹ́yìn dírẹ́bà, obìnrin tó ń ta gàrí kí wọn, wọ́n dá a lóhùn. Ọlọ́kadà kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbọ́ èsì. Ọmọ náà dúró pẹ́ lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó tú aṣọ ìyá rẹ̀ padà sínú àpótí. Òun nìkan ló wa mọ́tò rẹ̀ padà sí Èkó.

A ò fi mọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo àgbà tó ń dá gbé ní òpópónà wa ni à ń kí báyìí, tí a sì ń dúró gbọ́ èsì wọn. Ní ìgbà òjò tó kọjá, dírẹ́bà kò dáhùn. A tún kí i, a wọlé. Ó ti lọ lójú oorun, ara rẹ̀ kò tíì tutù. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà náà ti kú, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kú sí. Tíṣà wà. Ìyá onígàrí wà. Ẹ̀gbọ́n mi wà, ohùn wọn sì le ju tèmi lọ láàárọ̀ yìí. Èmi náà wà.