Ọjọ́ Tí N Kò Lè Wàásù

Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé mi wá sí ìjọ kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, pé kí n máa bójú tó àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni, mo sì gbà pé kò sí ìbéèrè tí ọ̀dọ́ lè bi mí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé mi.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, mo wàásù fún wákàtí kan gbáko lórí sùúrù fún ẹni tó ń wáṣẹ́. Bí mo ṣe parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà, bó tilẹ̀ ti jáde yunifásítì, nawọ́ sókè. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ti wá uṣẹ́ rí?" Mo ṣí Bíbélì, mo tún pa á dé. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti bọ́ sínú ẹ̀wù àlùfáà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Ìgèdè. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ènìyàn mẹ́ta ló wá: akọrin kan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àti ẹni tó gbàgbé agbòòjò rẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Èmi ṣubú tán, ọ̀nà Ìbàdàn ni mò ń wò. Mo kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n gbé mi kúrò. Àlùfáà àgbà wa, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá, tí lẹ́tà náà gba ọwọ́ wọn kọjá, kà á, wọ́n sì ká a sínú àpò wọn. Wọn ò gbà mí níyànjú. Wọ́n kàn ní, "Ní Sátidé, o máa bá mi kọ ebè lóko mi ní Ìyìn."

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bíi méjìlá ti dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ebè kẹrin ni mo wà tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Nọ́ọ̀sì kan láàárín wọn wo iṣẹ́ mi, ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Pásítọ̀, ṣé ebè rèé, àbí sàréè adìyẹ?"

Mo lọ jókòó sábẹ́ igi kòkó. Ọlọ́kadà yẹn gbé omi wá, ó jókòó tì mí. Ó ní ọdún mẹ́ta lòun fi wáṣẹ́. Bí òun bá ti dé lọ́wọ́ òfo, ìyá òun kì í bèèrè nǹkan kan, ẹran ni wọ́n máa ń fi kún oúnjẹ òun. Ẹran yẹn ló ń dun òun jù. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ Bíbélì dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èémí ò sí nínú mi. Mo kàn ń mi orí. Àwọn yòókù sún mọ́ wa, wọ́n ń sọ tiwọn náà. Nígbà tí a dìde, ó ní, "Ẹ ṣé, Pásítọ̀. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lọ́kàn." N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, àga ò gbà wá mọ́ nínú ìjọ.

Ìgbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì ni nọ́ọ̀sì yẹn tó sọ fún mi pé Bàbá ti fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń bẹ àwọn ọ̀dọ́: "Ọmọ mi fẹ́ sá lọ. Ẹ wá bá mi dá a dúró. Bí ò bá tiẹ̀ sí nǹkan mìíràn, ẹ óò rí bí ọmọ Ìbàdàn ṣe ń kọ ebè." Ó ní gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gbé àwọn dé oko.

Ọdún ti gorí ọdún. Bí mo bá rí àlùfáà ọ̀dọ́ kan tí ojú rẹ̀ fà ro lẹ́yìn ìsìn, n kì í bèèrè ohun tó wàásù lé lórí. Bàtà mi ni mo máa ń wá, kí n lọ kí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nílé.